Kì Í Ṣe Gbogbo Rìímù Tí Ó Wọ Ọkọ̀ Ni Ó Bá Ọkọ̀ Mu

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn, gbólóhùn kan wà tí mo kọ títí ó fi mọ́ mi lọ́wọ́: "A gbọ́ pé táyà ọkọ̀ náà ni ó bẹ́ lórí eré." Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, olóòtú yóò pè mí, èmi náà yóò pe agbẹnusọ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, n óò kọ iye àwọn tí ó kú àti iye àwọn tí ó fara pa, n óò sì fi gbólóhùn yẹn kádìí rẹ̀. Ìròyìn parí. N kò béèrè rí pé irú táyà wo ni. N kò béèrè irú rìímù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí ẹni tí ó dè é mọ́ ọkọ̀, tàbí bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tèmi fẹ́ yọ lójú ọ̀nà kan náà, tí màmá mi sì wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú mi, ni mo tó mọ̀ pé ìdajì ìròyìn ni mo ti ń kọ bọ̀.

Toyota Camry ti ọdún 1998 ni ọkọ̀ mi, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní "Pencil Light." Mo rà á ní tòkunbọ̀ nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé déédéé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, tí wọ́n kó lẹ́tà àti ọpẹ́ lé wa lọ́wọ́, ọkọ̀ náà ni ohun kan ṣoṣo tí mo lè nàka sí pé mo rí mú bọ̀ láti ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe bú mi bí mo bá sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ó ti yẹ kí ènìyàn fẹ́ràn irin lọ.

Rìímù irin dúdú ni ó bá dé, pẹ̀lú ìdérí ike tí a fi ń bo ojú rẹ̀. Kòtò ojú ọ̀nà Èkó ti tẹ etí méjì nínú wọn. Bí a bá fún wọn ní afẹ́fẹ́ ní alẹ́, ilẹ̀ yóò mọ́ kí a tó rí i pé wọ́n ti sùn sílẹ̀ pẹlẹbẹ. Mo lè ní kí wọ́n fi òòlù nà wọ́n padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ni n óò pa bí mo bá ní ìdí yẹn nìkan ni mo fi fẹ́ pààrọ̀ wọn. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ àwọn aládùúgbò mi ń dán. Tèmi dà bí ọkùnrin tí ó wọ agbádá sányán, tí ó wá ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà ilé ìwẹ̀.

Ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ kan ní Èkó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wo ọkọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ihò márùn-ún ni tiyín. Ọjà yín wà nílẹ̀." Ó gbé mẹ́rin jáde, rìímù alumíníọ̀mù tí ó ń kọ mànà, tí wọ́n tú lára Honda Accord, táyà 205/60R16 sì wà lórí wọn. Mo bi í pé ṣé ti Honda lè wọ Toyota. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ Japan kan náà ni gbogbo wọn ti wá." Ó gbé ọ̀kan kọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ihò márààrún gba bóòtì márààrún wẹ́kú. Kò lù ú, kò sì tì í. Nọ́ọ̀tì tí ó tú lára rìímù àtijọ́ náà ni ó fi dè é. Ó gba rìímù mi àtijọ́, mo fi ₦85,000 lé e, mo sì wa ọkọ̀ lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà ọdún fún.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níhìn-ín pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò parọ́ kankan fún mi. Ihò márùn-ún ni lóòótọ́. Gbogbo ohun tí ojú lè rí ni ó bára mu. Ibi tí ojú kò dé ni wàhálà wà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ó bẹ̀rẹ̀. Nínú ìgboro, ọkọ̀ ń lọ geere. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bọ́ sí orí márosẹ̀, tí eré sún mọ́ 80 kìlómítà ní wákàtí, sitiárìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní bàláńsìn ni. Wọ́n lẹ òjé wẹ́wẹ́ mọ́ etí rìímù. Ó tún ń gbọ̀n. Èkejì ní aláìmẹ́ǹtì ni. Wọ́n ṣe é. Ó tún ń gbọ̀n. Ẹ̀kẹta pààrọ̀ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì méjèèjì. Ẹ̀kẹrin ní ṣáàfù ni, ó sì gba owó ṣáàfù. Nígbà tí mo fi ṣírò rẹ̀, owó tí mo ti ná lórí gbígbọ̀n náà ti ju owó tí mo fi ra rìímù lọ.

Màmá mi ní èrò tirẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ó kù kí wọ́n gba ọkọ̀." Ó fún mi ní omi àdúrà nínú ìgò, ó ní kí n wọ́n ọn sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo wọ́n ọn. Ẹ má ṣe fi mí rẹ́rìn-ín: ẹni tí mẹkáníìkì mẹ́rin ti gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò fi omi ọ̀fẹ́ ṣe bí kò bá gbà á?

Ọjọ́ Sátidé kan ni a ń lọ sí ìsìnkú ní Ìbàdàn. A ti kọjá Ṣágámù nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan láti ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì: kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi òrùka gbá irin. Màmá mi tí ó ti ń tòògbé lajú, ó ní, "Ta ni ó ń kanlẹ̀kùn?" Mo dín eré kù. Ohùn náà dín eré kù pẹ̀lú mi. Sitiárìn kò gbọ̀n mọ́; ó ti bẹ̀rẹ̀ sí fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo fi ọ̀wọ̀ rọra ya sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Ògèrè, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé máa ń dúró sí.

Nínú nọ́ọ̀tì márùn-ún, méjì kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo fi ìka méjì yí ẹ̀kẹta, ó sì yí bí ìdérí ìgò. Méjì tí ó kù ni ó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà mú, àwọn náà sì ti ń tú. Mo fi ọwọ́ ti ara ọkọ̀, mo dúró. Mo ti dúró ní ibi tí kò jìnnà sí ibẹ̀ rí, pẹ̀lú ìwé àti bírò lọ́wọ́, tí mò ń ka òkú.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá kan tí ó ń lẹ táyà wà lábẹ́ igi nítòsí, tòun ti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ó kí màmá mi, ó gbé àpótí fún un kí ó jókòó, kí ó tó bojú wo ọkọ̀. Ó fi jáàkì gbé e sókè, ó tú rìímù náà, ó fi àkísà nu irin tí ó ń gbé e. Lẹ́yìn náà ni ó tún gbé rìímù kọ́ orí bóòtì, ṣùgbọ́n kò de nọ́ọ̀tì kankan. Ó ní, "Ọmọ mi, wá wò ó." Ó gbá a mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì í. Rìímù náà lọ sókè, ó lọ sísàlẹ̀, bí eyín ọmọ ọdún méje tí ó fẹ́ yọ.

Ó fa igi ìgbálẹ̀ méjì yọ, ó kì wọ́n bọ inú àlàfo tí ó wà láàárín ihò ńlá tí ó wà ní àárín rìímù àti orí irin tí ó yọ jáde láti ara ọkọ̀. Méjèèjì wọlé pọ̀. Ó ní, "Ìdodo rẹ̀ nìyí. Ti Honda tóbi ju ti Toyota lọ. Rìímù yìí kò jókòó, ó kàn fi ara kọ́ ni."

Ìdodo! Mo ti bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nínú iṣẹ́ mi, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu tó bẹ́ẹ̀ rí. Orí irin tí ó wà lára ọkọ̀ ni wọ́n ń pè ní họ́ọ̀bù. Ti Camry mi jẹ́ 60.1 mìlímítà ní fífẹ̀. Ìdodo rìímù Accord jẹ́ 64.1. Mìlímítà mẹ́rin péré ni ó wà láàárín wọn. Nítorí pé họ́ọ̀bù kò lè fi rìímù sí àárín gbùngbùn, ibi tí nọ́ọ̀tì bá ti kọ́kọ́ fún mọ́ ọn ni ó ń gbà dúró, ó sì ń yí ní wíwọ́. Ní ìgboro, ènìyàn kò ní mọ̀. Lórí eré, gbogbo ọkọ̀ ni yóò máa gbọ̀n. Òjé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kò lè ṣe nǹkan kan sí i, nítorí pé orí ẹ̀rọ bàláńsìn, àárín gbùngbùn ni wọ́n gbé e sí. Orí ọkọ̀ ni kò ti sí ní àárín.

Bàbá náà kò tíì parí. Ó mú nọ́ọ̀tì kan, ó gbé e sí ojú oòrùn. "Wo ẹnu rẹ̀. Ó ṣe ṣóńṣó bí ẹnu àrọ. Wàyí o, wo inú ihò rìímù yìí. Ó rí kòtò róbótó bí inú igbá. Bí o bá gbé àrọ sínú igbá, ibo ni wọn yóò ti kan ara wọn?"

Mo ní, "Etí lásán ni, bàbá."

"Etí lásán ni. O lè dè é títí ìrọ̀lẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n, yóò máa tú."

Màmá mi tí ó ti ń gbọ́ wa láti orí àpótí wá béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀: "Bàbá, ṣé kì í ṣe ayé ni?"

Bàbá náà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ìyá, ayé wà o. Ṣùgbọ́n ayé kọ́ ni ó tú nọ́ọ̀tì yìí. Nọ́ọ̀tì yìí ni kò bá ihò rẹ̀ mu."

Bóòtì kan ti jẹ, nọ́ọ̀tì tí ó wà lórí rẹ̀ náà sì ti bàjẹ́. Ó yọ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ó fi wọ́n kún méjì tí ó ṣì dára, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn lè ní mẹ́rin mẹ́rin. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe kọjá 50, kí n dúró lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé Ìbàdàn láti tún nọ́ọ̀tì dè, kí n má sì ṣe gbé ọkọ̀ náà padà sí Èkó pẹ̀lú rìímù yẹn. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti gbé òkú wọ ilẹ̀ kí a tó dé ibi ìsìnkú, ṣùgbọ́n a dé.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo tún padà di oníròyìn. Mo lọ bá ọkùnrin kan tí ó ń fi ẹ̀rọ gé irin ní Ìbàdàn, mo yá ìwọ̀n rẹ̀, mo wọn rìímù oríṣiríṣi, mo sì béèrè gbogbo ìbéèrè tí n kò béèrè rí nígbà tí wọ́n ń sanwó oṣù fún mi láti béèrè. Ohun tí mo kó jọ nìyí, fún ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti dàgbà bí tèmi.

Èkíní ni òbìrìkìtì tí ihò tò lé. Kíka ihò kò tó. Camry mi ní ihò márùn-ún, Mercedes 190 náà ní márùn-ún, BMW onípele 3 ti àárín ọdún 1990 sí 1998 náà ní márùn-ún. Ṣùgbọ́n òbìrìkìtì ti Camry jẹ́ 114.3 mìlímítà, ti Mercedes 112, ti BMW 120. Bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ wọn láti àárín ọ̀kan dé àárín èyí tí ó dojú kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, kò sí èyí tí ó dojú kọ èkejì rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ẹ wọn láti àárín ihò kan dé àárín èyí tí ó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 1.701. Bí ẹ bá rí 67.2, 114.3 ni. Bí ẹ bá rí 65.8, 112 ni. Ẹ kò rí i bí ó ti súnmọ́ ara wọn tó? Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń fi agbára de ti ọ̀kan mọ́ èkejì. Bóòtì tí a bá fi agbára tẹ̀ kò ní gbàgbé. Yóò dúró de ọjọ́ tí yóò ṣẹ́.

Èkejì ni ìdodo. Bí ó bá kéré ju họ́ọ̀bù lọ, rìímù kò ní wọlé, ẹ má sì gbà fún ẹni tí ó bá ní òun yóò fi fáìlì fẹ̀ ẹ́. Bí ó bá tóbi jù ú lọ, yóò wọlé, ibẹ̀ sì ni ẹ̀tàn wà. Rìímù Golf 3 àti ti Corolla àwọn ọdún 1990 jọ ní ihò mẹ́rin lórí òbìrìkìtì 100. Ṣùgbọ́n ìdodo Golf jẹ́ 57.1, ti Corolla 54.1. Ti Golf yóò wọ Corolla ní wẹ́rẹ́, kò sì ní jókòó. Òrùka kan wà tí wọ́n ṣe fún irú àlàfo bẹ́ẹ̀, ti ike tàbí ti alumíníọ̀mù. Bí mo bá fẹ́ tọ́jú rìímù Accord yẹn, òrùka tí ìta rẹ̀ jẹ́ 64.1, tí inú rẹ̀ jẹ́ 60.1, ni n óò wá. Kì í ṣe ohun tí a ń fojú díwọ̀n. Iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé.

Ẹ̀kẹta ni ẹnu nọ́ọ̀tì. Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀: èyí tí ó ṣe ṣóńṣó, èyí tí ó rí róbótó bí ìdí igbá, àti èyí tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ tí ó ní wáṣà lábẹ́. Rìímù irin Toyota mi ń lo oníṣóńṣó. Rìímù tí Honda ṣe fún ọkọ̀ tirẹ̀ ń lo oníróbótó. Toyota tún máa ń lo pẹrẹsẹ fún rìímù alumíníọ̀mù tirẹ̀. Ohun tí ó sì tan gbogbo wa jẹ ni pé ojú ìdè bóòtì Honda àti ti Toyota wọ̀nyí kò yàtọ̀: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12, àlàfo ìdè rẹ̀ sì jẹ́ 1.5. Nọ́ọ̀tì yóò yí wọlé geere, ọwọ́ yóò sì sọ fún yín pé ó ti dè.

Ẹ̀kẹrin ni nọ́ńbà kan tí ó máa ń wà lẹ́yìn rìímù, tí lẹ́tà ET ṣáájú rẹ̀. Ó ń sọ bí ibi tí rìímù ti kan họ́ọ̀bù ṣe jìnnà tó sí àárín fífẹ̀ rìímù náà, ní mìlímítà. Bí nọ́ńbà náà bá kéré ju ti ọkọ̀ yín lọ, táyà yóò yọ síta, yóò máa họ ara ọkọ̀ bí ẹ bá kó èrò tàbí tí ẹ bọ́ sí kòtò. Bí ó bá pọ̀ jù, táyà yóò wọ inú, yóò máa gbá ṣọ́kì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí sitiárìn dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá nǹkan kan ń kan nǹkan kan. Ẹ rí i pẹ̀lú pé inú rìímù kò kan irin bíréékì.

Ìkarùn-ún ni táyà fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Ìwé pélébé kan sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ tí ó ń sọ ìwọ̀n táyà tí ọkọ̀ náà bá dé. Tèmi kọ 205/65R15. Èyí ni pé táyà náà fẹ̀ tó mìlímítà 205, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, rìímù rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 15. Ẹ ṣírò rẹ̀, gbogbo gíga táyà náà jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 647. Ti 205/60R16 tí mo rà jẹ́ nǹkan bí 652. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ra 225/60R16, yóò di 676, aago ọkọ̀ yóò sì máa parọ́ fún mi: nígbà tí ó bá ní 100 ni mò ń sá, eré mi yóò ti kọjá 104. Ẹ wo nọ́ńbà ẹrù tí ó tẹ̀ lé ìwọ̀n náà pẹ̀lú. 91 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kílógírááàmù 615, kò sì yẹ kí ẹ ra èyí tí ó kéré sí ti ọkọ̀ yín. Ní ìparí, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lẹ́tà DOT. 2308 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2008. Táyà lè dúdú kí ó máa dán, kí ó sì ti jẹ́ arúgbó.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ: níbo ni a ti fẹ́ rí owó táyà tuntun? N kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt ní ọdún 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà, ohun tí ọkọ̀ bá gbé wá ni à ń rà. Òfin kọ̀ kí a máa kó táyà àlòkù fún ọkọ̀ kékeré wọ orílẹ̀-èdè yìí, síbẹ̀ kò sí ìlú tí ènìyàn kò ti lè rí i rà kí oúnjẹ òwúrọ̀ tó jinná. Bí òfin bá ń sùn, olúkúlùkù ni yóò máa ṣe ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀. Kálukú kò lè ra tuntun, ṣùgbọ́n ó lé mi lára láti gbà pé ẹni tí ó ní owó tí yóò fi ra ohun tí kò bá ọkọ̀ rẹ̀ mu kò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí yóò fi wọ̀n ọ́n.

Ní Ìbàdàn ni mo ti rí rìímù irin mẹ́rin tí wọ́n tú lára irú Camry tèmi gan-an. Dúdú ni wọ́n, wọn kò ní ìdérí, kò sì sí ẹni tí yóò yíjú wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo ra táyà tuntun méjì fún iwájú, mo fi méjì tí ọjọ́ orí wọn ṣì dára sí ẹ̀yìn títí owó yóò fi dé. A pààrọ̀ bóòtì tí ó jẹ, mo ra nọ́ọ̀tì oníṣóńṣó díẹ̀ kún tèmi. Nígbà tí a gbé rìímù àkọ́kọ́ kọ́ họ́ọ̀bù, ó jókòó pẹ̀lú ohùn kékeré kan, "kóó," mo sì mì í: kò mì. Igi ìgbálẹ̀ kò rí ọ̀nà wọlé. Lọ́nà Èkó, mo sá 80, mo sá 90, mo sá 100. Sitiárìn dákẹ́ lọ́wọ́ mi bí ọmọ tí ó ti yó.

Rìímù tí ó ń dán ńkọ́? Mo tà á fún ẹnìkan tí ó ní Accord, mo sì sọ fún un pé nọ́ọ̀tì Honda ni kí ó fi dè é. Ó wà lára ọkọ̀ rẹ̀ di òní, kò gbọ̀n, kò tú. Èyí ni mo máa ń rántí jù. Kò sí ohun tí ó ṣe rìímù náà rí. Kò sí ohun tí ó ṣe Camry mi náà. Èmi ni mo so àwọn méjì tí kò bá ara wọn tan pọ̀, tí mo wá ń wá ẹni tí ó ń bá mi jà.

Nígbà mìíràn, bí mo bá ka ìròyìn ìjàm̀bá lórí ẹ̀rọ ayélujára, tí mo rí gbólóhùn àtijọ́ yẹn, "táyà ni ó bẹ́" tàbí "ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó yọ," ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n pe ẹni tí ó kọ ọ́. Bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí táyà náà, àbúrò. Bi wọ́n léèrè ọkọ̀ tí wọ́n ti tú rìímù yẹn wá. Òkú kò lè sọ fún ọ, ṣùgbọ́n irin tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà lè sọ ọ́, bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń fi lé ayé lọ́wọ́ ni ó ní nọ́ńbà lára.

Màmá mi ní tirẹ̀ gbà pé omi àdúrà ni kò jẹ́ kí nọ́ọ̀tì kẹrin àti ìkarùn-ún yọ kí a tó dé ọ̀dọ̀ bàbá yẹn. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń múra ìrìn-àjò báyìí, bí ó bá ti ṣe "Àmín" tán, kì í wọ ọkọ̀. Ó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì, yóò di báàgì rẹ̀ mú, yóò ní, "Ọkọ mi, ṣé o ti wo nọ́ọ̀tì?" Bí mo bá tilẹ̀ ti wò ó ní àárọ̀, n óò tún mú sípánà, n óò bẹ̀rẹ̀, n óò tún un wò ní ojú rẹ̀.